Òrùka Ìdí Ẹ́ńjìnnì

Bí ẹ bá rí i pé mo jókòó pẹ́ lójú kan, ẹ tètè bi mí bóyá ara mi ò yá. Láti kékeré ni ìdí mi kì í ti í gbélẹ̀. Bàbá mi, alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, a máa sọ pé èmi àti ẹwìrì àwọn, àwọn ò mọ èyí tó máa ń mí jù. Ṣùgbọ́n mo rò pé inú ìlú mi ni gbogbo ìrìn mi á mọ, láti àgbẹ̀dẹ sí oko, láti oko sí ọjà. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ á gbé mi dé Ìbàdàn.

Kétu ni wọ́n bí mi sí. Àwọn Faransé ló ń ṣe ìjọba lọ́dọ̀ tiwa nígbà náà, wọ́n sì ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ ṣe sójà. Ẹni tí wọ́n bá mú, àwọn ará ilé rẹ̀ á kàn máa wo ọ̀nà ni. Oko ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n wọ àdúgbò wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan sáré wá, ó ní kí n má padà wálé, kí n gba inú igbó lọ. Bí mo ṣe lọ nìyẹn. Mi ò rí ìyá mi, mi ò dágbére fún wọn, ṣòkòtò ìdí mi nìkan ni mo mú lọ. Ti ìrìn náà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi rántí rẹ̀, ẹnu mi ò fẹ́ sọ ọ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé èmi nìkan ni ìyá mi bí, wọn ò sì mọ̀ bóyá mo wà láàyè. Gbogbo ohun tí mo ṣe ní Ìbàdàn, bí mo ń jẹun, bí mo ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yẹn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ìyá mi fojú kàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Ọjà'ba, mo rò pé ìjà ìgboro ló bẹ́ sílẹ̀. Èrò níwájú, èrò lẹ́yìn, gbogbo wọn ń pariwo, kò sì sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan jà. Mo dúró láti kí ìyá kan tó ń ta epo, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn bí a ti ń kí àgbà nílé wa, tilé-toko, tọkọ-tọmọ. Kí n tó kí wọn tán, wọ́n ti ta epo fún ẹni méjì. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ ra epo ni àbí mo fẹ́ sùn síbẹ̀. Èdè kan náà ni à ń sọ o. Ṣùgbọ́n ohùn mi ń lọ sókè níbi tí tiwọn ti ń lọ sílẹ̀, bí mo bá ti la ẹnu báyìí, ẹ̀rín ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ibi tí mo ti wá, wọ́n sọ mí ní Faransé. Ẹ gbọ́ ná: èmi tí mo sá fún Faransé, tí mo fi ìyá mi sílẹ̀ nítorí Faransé, òun náà ni wọ́n fi ń pè mí láti Bẹẹrẹ dé Bẹ́yẹrunkà. Inú bí mi débi pé mo gbá ẹnì kan lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ó gbá mi padà, tiẹ̀ sì dùn mí ju bí tèmi ṣe dùn ún lọ.

Òkúta ni mo kọ́kọ́ ń fọ́. Àwọn òyìnbó fẹ́ kọ́ ilé ńlá kan sórí òkè Mápó, òkúta àti yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n sì ń fẹ́ ṣáá. Lọ́rì Ọ̀gá Ràúfù wà lára àwọn tó ń gbé e gun òkè. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì ni Ọ̀gá Ràúfù, ìmàle pọ́ńbélé tí kì í fi ìrun jáfara. Èkó ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ mọ́tò, bí ẹ bá sì gbọ́ ẹnu wọn, ẹ ó rò pé kò sẹ́lòmíràn tó mọ mọ́tò wà nílẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan, lọ́rì náà kọṣẹ́ nítòsí ibi tí mo ti ń fọ́ òkúta. Ọ̀gá ń wá ẹni tó máa wọ abẹ́ rẹ̀ lọ bá wọn di irin kan mú. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wo ara wọn. Wọ́n ní irin tó ń gbọ̀n báyẹn lè jókòó léèyàn láyà. Kí ni èmi ọmọ alágbẹ̀dẹ ń bẹ̀rù lára irin gbígbóná? Mo rá wọ abẹ́ ẹ̀. Nígbà tí mo jáde, Ọ̀gá ní kí n ju òòlù òkúta sílẹ̀, kí n máa tẹ̀ lé àwọn.

Ìyá Ọ̀gá, tí gbogbo agbolé ń pè ní Ìyá Àgbà, fún mi ní yàrá kan lẹ́bàá ilé ewúrẹ́. Wọ́n ní kí n má fòyà, pé Ìbàdàn kì í gbè onílé bí àjèjì. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án nínú yàrá yẹn, tí mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ilé ń ké kéú, tí àwọn obìnrin ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí kànga, ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín ẹran tí wọn ò sì pe orúkọ rẹ̀. Wọn ò ṣe mí níkà o. Wọ́n ń fún mi lóúnjẹ ju bí mo ṣe lè jẹ lọ. Àmọ́ kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó mọ bí bàbá mi ṣe ń wúkọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti òrùka yìí.

Bí mọ́tò bá ti ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á dúdú, èèyàn gbọ́dọ̀ dà á nù kó rọ tuntun sí i. Bóòtù kan wà nídìí ẹ́ńjìnnì lábẹ́ níbẹ̀. Bí o bá tú u, ọ́ìlì á ya sínú garawa. Láàárín bóòtù yẹn àti ara ẹ́ńjìnnì ni òrùka bàbà kan wà, pẹlẹbẹ, tó tó ìka wọ̀. Ọ̀gá ń pè é ní wáṣà. Òfin wọn ni pé ìgbàkúùgbà tí a bá tú bóòtù, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ òrùka. Wọ́n ní bàbà rọ̀, bí o bá ti fún bóòtù mọ́ ọn, á tẹ̀, á sì dí gbogbo ibi tí ọ́ìlì lè gbà yọ́ jáde. Ṣùgbọ́n bó bá ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti le nìyẹn. Bí o bá tún lò ó bẹ́ẹ̀, bóòtù á mú, ọ́ìlì á sì máa jò.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí wọn tí wọ́n ju òrùka àlòkù nù sínú koríko, àyà mi já. Bàbà! Lágbẹ̀dẹ bàbá mi, ẹni tó bá sọ bàbà nù, á gbálẹ̀ títí á fi rí i ni. Mo lọ ṣa á, mo fi eérú fọ̀ ọ́ títí ó fi pọ́n. Ìyá Àgbà rí i lọ́wọ́ mi. Lákùrègbé ń bá wọn jà ní gbogbo oríkèé, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé òrùka bàbà dára fún un. Wọ́n yí i wò, wọ́n ní èyí tiẹ̀ ti la iná kọjá, ó ti mu ọ́ìlì yó, agbára rẹ̀ á ju ti ọjà lọ. Wọ́n fi sọ́wọ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n ní ìka àwọn ti ń ká. Bóyá òrùka ni, bóyá ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé ni, èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó máa fi di ìgbà tí a tún máa da ọ́ìlì, àwọn arúgbó ti jókòó sábẹ́ igi iwájú ilé, láti Ìsàlẹ̀ Òsì dé Pópó Yemọja. Àwọn kan gbé ìkòkò wá gba ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fẹ́ fi pa ikán lára òpó ilé wọn. Àwọn tó kù, òrùka ni wọ́n bá wá. Wọn á ní, ọmọ wa, ta ni ti òní kàn?

Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ mi ti yí padà. Olórùka ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ń kọjá ní Ọjà'ba, àwọn ìyá tó ń fi ohùn mi ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ní kí n wá gba ẹ̀kọ. Ìyá elépo náà pè mí, wọ́n ní kí n dúró kí n kí àwọn tán lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn, mi ò parọ́. Mo kí wọn tilé-toko, wọ́n sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Láyé ìgbà náà, ẹnu èèyàn la fi ń bá ilé sọ̀rọ̀. Obìnrin oníyọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Àṣàbí, ẹgbẹ́ mi ni, tó máa ń ná ọjà títí dé ẹ̀bá ilẹ̀ Faransé. Mo sọ ilé wa fún un, mo sọ oríkì bàbá mi, mo ní kó sọ fún ìyá mi pé mo wà ní Ìbàdàn, ara mi le, mo ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mọ́tò. Kó má baà dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, mo fi òrùka kan rán an sí wọn. Èyí tó dára jù ni mo yàn, ó nípọn, ẹ̀ẹ̀kan péré la lò ó. Mo mọ̀ pé ọwọ́ máa ń wú ìyá mi lásìkò òjò.

Ó pẹ́ kí Àṣàbí tó dé. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ yọjú sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà'ba, títí aládùúgbò rẹ̀ fi bi mí bóyá mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni. Nígbà tó dé, ó ní òun jíṣẹ́. Ó ní bàbá mi ti kú. Ó ní ìyá mi gba òrùka, wọ́n fi sọ́wọ́, ó bá wọn mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi òun pé ta ló bọ́ ọ lọ́wọ́ òkú ọmọ àwọn.

Ẹ ò rí ọ̀rọ̀. Mo rán òrùka sílé kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wà láàyè, òun gan-an ló wá jẹ́ kí wọ́n rò pé mo ti kú. Mo sunkún bàbá mi lẹ́yìn ilé ewúrẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí mi. Ara mi ò wá balẹ̀ mọ́ rárá. Bí mo bá wà ní Ìbàdàn, ọkàn mi á wà ní Kétu, á máa yípo àgbẹ̀dẹ tí iná rẹ̀ ti kú. Bí mo bá sì ro Kétu títí, ọkàn mi á tún sáré padà wá sábẹ́ mọ́tò, á ní ṣé mo fún bóòtù yẹn dáadáa. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Àmọ́ bí ẹ̀rù bá ń ba onílé láti relé ńkọ́? Wọ́n ṣì lè mú mi lójú ọ̀nà. Mo ń rìn gbéregbère láti Bẹẹrẹ lọ Mápó, láti Mápó padà sí Bẹẹrẹ, bí ẹni tó sọ nǹkan nù.

Abẹ́ mọ́tò ni mo wà lọ́jọ́ tí mo rí ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ Àṣàbí ni mo kọ́kọ́ rí, mo mọ̀ ọ́n nítorí làálì rẹ̀. Ẹsẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e, eruku ti bò ó dé orúnkún, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì sì gun èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló rí bẹ́ẹ̀ láyé tí mo mọ̀. Mo fẹ́ dìde lójijì, mo bá forí gbá irin.

"Jáde síta kí n rí ẹ," ohùn ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo rá jáde. Ọ́ìlì wà lójú mi, ẹ̀jẹ̀ wà níwájú orí mi. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú mi mú, wọ́n wò ó bí ẹni tó ń wo iṣu lọ́jà bóyá ó ti kẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọ́ mi létí.

"Òrùka lo rán sí mi. Ṣé òrùka ni mo bí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì yẹn. Ìyá Àgbà jáde síta, wọ́n rí wa, wọ́n bú sẹ́kún láì bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n pa adìyẹ fún ìyá mi lọ́jọ́ náà.

Ìyá mi ò wá ṣeré. Wọ́n ní àwọn Faransé ti jáwọ́ nínú kíkó àwọn ọ̀dọ́, àwọn tó sá lọ ti ń padà, àgbẹ̀dẹ bàbá mi ṣófo, ọmọ rẹ̀ ló sì yẹ kó dá iná rẹ̀. Wọ́n ní àwọn wá mú mi lọ sílé ni. Mo ní ó dára, mo ní kí a jẹ́ kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí parí. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí, mo tún ní kí òjò dá. Ìyá mi wò mí. Wọ́n ń bá Ìyá Àgbà ran òwú lọ́ọ̀dẹ̀. Àwọn méjèèjì a na ọwọ́ síta, òrùka ìka wọn á máa dán, wọ́n á máa fi lákùrègbé wọn wéra.

Nígbà náà ni òrùka tán. Àwọn wáṣà tí Ọ̀gá máa ń rà láti Èkó ò dé. Wọ́n ránṣẹ́, ránṣẹ́, kò sí. Èyí tó kù lọ́wọ́ wa la ń tún lò. Mo máa ń tì í bọ iná àgbẹ̀dẹ àdúgbò kó pọ́n, n ó tì í bọ omi. Bàbà ò dà bí irin. Irin, bó bá ti iná bọ́ sómi, líle ló ń le, ṣùgbọ́n bàbà, rírọ̀ ló ń rọ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi. Àmọ́ nǹkan tí à ń tẹ̀ lóòrèkóòrè, á fẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ tí a tún da ọ́ìlì, bí mo ṣe fún bóòtù mọ́ ọn, òrùka náà là sí méjì.

Ọ̀gá ní kí a gé awọ. Aláwọ kan gé e fún wa, ó ṣe wẹ́kú. A gbé òkúta, a ń gun òkè Mápó, ìgbà tí a dé ìdajì òkè, ọ́ìlì gbígbóná ti se awọ náà jinná. Ọ́ìlì ń tò lẹ́yìn wa láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí a wà. Àwọn ọlọ́jà ẹ̀bá ọ̀nà ń pariwo pé lọ́rì Ràúfù ń tọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá pa ẹ́ńjìnnì kó má baà jóná. A sọ̀kalẹ̀, a ń fi orí ru òkúta gun òkè, èmi àti ọ̀gá tó mọ mọ́tò jù nílẹ̀ yìí. Alágbẹ̀dẹ kan tún fi ẹ̀gbà idẹ rọ òmíràn fún wa. Idẹ le jù, kò gbà láti tẹ̀, ọ́ìlì tún yọ́.

Òyìnbó tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní bí lọ́rì wa ò bá gun òkè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun á gbé iṣẹ́ fún ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ti ń dúró dè é. Ọ̀gá pè mí sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní bí iṣẹ́ bá bọ́, àwọn ò ní lè gbà mí mọ́, kí n má bínú. Ojú tì wọ́n láti sọ ọ́. Ó kan mí náà.

Mo gbéra, mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti tọrọ òrùka padà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fún arúgbó ní oògùn kí ẹ padà lọ gbà á. Ìyá kan ní Pópó Yemọja ká ọwọ́ wọn sábẹ́ aṣọ, wọ́n ní àrùn tó ti lọ, ṣé mo fẹ́ pè é padà ni. Bàbá kan ní àwọn ti fi tàwọn sin ìyàwó àwọn. Òmíràn ṣépè fún mi díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní àkàrà. Ìyá Àgbà tí mo kọ́kọ́ fún, tí wọ́n jẹ́ ìyá ẹni tó ni lọ́rì gan-an, wọ́n ní ọmọ àwọn ni Ràúfù, ṣùgbọ́n àwọn làwọn ni ìka. Kò sẹ́ni tó jẹ́bi. Ohun tí wọ́n bá fi wo èèyàn sàn, a kì í gbà á padà. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó jáde.

Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo tí mi ò tíì bèèrè.

Ìyá mi jókòó lórí ẹní nígbà tí mo wọlé. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún bo ti òsì.

"Bí mi ò bá bọ́ ọ," wọ́n ní, "kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Mo ní iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ wa.

"Bí iṣẹ́ bá bọ́?"

Mo ní a óò jọ lọ sílé ni, èmi àti ẹ̀yin.

Wọ́n mi orí. Wọn ò bọ́ ọ. Mo dúró síbẹ̀, inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Wọ́n ti rìn láti Kétu wá nítorí mi. Gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́ láyé wà níka wọn, wọn ò ní láti ṣe nǹkan kan ju kí wọ́n jókòó lọ. Kí n má parọ́, apá kan nínú mi ń gbàdúrà pé kí wọ́n má bọ́ ọ, kí ọ̀rọ̀ yìí parí, kí ẹlòmíràn bá mi yàn. Mo jáde, mo rìn dé Ọjà'ba, mo rìn padà. Mi ò jẹun. Mo wọ abẹ́ lọ́rì tó dúró gbagidi yẹn, mo dùbúlẹ̀, mo ń wo ojú ihò tó ṣófo níbẹ̀.

Ìyá mi wá bá mi. Mo tún rí ẹsẹ̀ yẹn. Wọ́n lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wọ́n yọjú sábẹ́.

"Kí lo ń rí níbẹ̀ yẹn?"

Mo rò ó títí. Mo ní, "Ìyá mi, ibí yìí nìkan ni ara mi ti máa ń balẹ̀."

Àgbò ilé kan ń ké. Wọ́n ní bàbá mi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìdí iná rẹ̀, pé àwọn sì máa ń bínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ wá ọṣẹ wá.

Ìka wọn ti wú, òrùka ti há mọ́ oríkèé. Mo fi omi tútù sí i, mo fi ọṣẹ dúdú pa á, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ó dùn wọ́n, wọ́n ń fa itọ́ sẹ́nu, wọn ò sì fa ọwọ́ padà. Ìgbà tó bọ́, ojú ibi tó wà funfun bí ojú àpá. Mo sunkún. Wọ́n ní kí n má bá àwọn sunkún, kí n lọ ṣe iṣẹ́ mi.

Mo tì í bọ iná, mo tì í bọ omi, ó rọ̀. Mo fi sídìí bóòtù, mo sì fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé a kó òkúta kún, Ọ̀gá ṣe bísímílà, ó di òkè Mápó. Ìyá mi dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Gbogbo èèyàn ń wo lọ́rì, àwọn nìkan ló ń wo ilẹ̀. Nígbà tí a kọjá, wọ́n tẹ̀ lé wa, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ń wá ọ́ìlì lójú ọ̀nà títí dé òkè. Ẹ̀kán kan ò kán.

Ìyá mi bá Àṣàbí padà sílé lọ́jà tó tẹ̀ lé e. Wọn ò sọ fún mi pé kí n wá, wọn ò sọ pé kí n má wá. Ọwọ́ òfìfo yẹn ni wọ́n fi jùwọ́ sí mi.

Wáṣà dé láti Èkó nígbà tó yá, àpótí odindi. Ọjọ́ tí a da ọ́ìlì, mo bọ́ òrùka ìyá mi kúrò kí ẹnì kan tó rí i, mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo fún Àṣàbí kó bá mi fún wọn. Kò rọrùn fún mi láti dúró de èsì. Àṣàbí dé, ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó gbé òrùka náà lé mi lọ́wọ́.

"Wọ́n ní kí n bi ọ́," ó ní, "pé ṣé òrùka làwọn bí?"

Mo lọ bá Ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni. Mo ní mo ń relé. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni n ó dé. Mo ní kí ọ́ìlì yìí tó tún dúdú. Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi.

Ìyá mi wà lórí ẹní nígbà tí mo wọ ilé wa ní Kétu. Wọn ò dìde, mo rò pé wọ́n ń bínú ni, àṣé wọn ò lè tètè dìde mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo mú ọwọ́ òsì wọn. Mo ti mú ọṣẹ dání láti Ìbàdàn nítorí oríkèé yẹn. Òrùka náà wọlé láì sí ọṣẹ, láì sí omi, ó sì yípo lórí ìka wọn, ó já bọ́ sórí ẹní. Ìka tó wú yẹn ti gbẹ.

Àwa méjèèjì ń wò ó. Mo wá fa òwú díẹ̀ yọ nínú kẹ̀kẹ́ òwú wọn, mo ń wé e mọ́ inú òrùka náà kó lè bá ìka wọn mu. Ìyá mi na ọwọ́ wọn sílẹ̀ dè mí, wọ́n ní kí n wé e dáadáa, kó má baà jò.